Bí ẹ ṣe lè dín ìwọ̀n ara yín kù, tí kò sì ní padà

Kí ènìyàn fi oṣù mẹ́ta dín kílò mẹ́jọ kù kò le tó bí a ṣe rò. Èyí tó le ni kí kílò mẹ́jọ ọ̀hún má padà wá bá a kí ọdún tó yípo. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó wà nílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dín in kù ni wọ́n máa ń kó lé lórí, bí a ṣe ń dì í mú kò sì ju gbólóhùn méjì lọ níparí. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ ti máa ro ti ìkejì yìí. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ṣe láti jò, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ṣé màá ṣì lè máa ṣe èyí lọ́dún márùn-ún sí i? Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi í sílẹ̀, kódà bí ọ̀rẹ́ yín bá fi jò ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tí ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀

Òṣùwọ̀n kan àti téèpù aránṣọ kan ti tó. Ẹ gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀ tán, kí ẹ tó fi nǹkan kan ẹnu. Lẹ́yìn náà, ẹ fi téèpù yí ikùn ká, ní agbedeméjì ibi tí egungun ìhà parí sí àti orí egungun ìbàdí. Ẹ mí síta wọ́ọ́rọ́, ẹ má fa ikùn wọlé, torí kò sí ẹni tí ẹ ń tàn. Bí àyíká ikùn bá ti ju ìdajì gíga yín lọ, ó yẹ kí ẹ wá nǹkan ṣe sí i. Ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 164, àyíká ikùn rẹ̀ kò yẹ kó tó 82.

Òmíràn tí àwọn dókítà ń lò ni BMI. Ẹ fi gíga yín (ní mítà) pín kílò yín, kí ẹ sì tún fi gíga náà pín èsì rẹ̀. Bó bá jẹ́ 25 sókè, a ti sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá tó 30, ó ti di àìsàn ìsanra jọ̀kọ̀tọ̀. Ti téèpù tẹ́ mi lọ́rùn jù ú lọ. BMI kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá àti iṣan, kò sì mọ ibi tí ọ̀rá náà jókòó sí, bẹ́ẹ̀ èyí tó sá pamọ́ sínú ikùn, láàárín ẹ̀dọ̀ àti ìfun, ló léwu jù fún ọkàn àti fún àtọ̀gbẹ.

Ẹ tún wo oògùn tí ẹ ń lò. Prednisolone, insulin, àti àwọn oògùn kan tí wọ́n ń fún ẹni tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àrùn ọpọlọ máa ń mú ara sanra. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín o. Ẹ bi dókítà bóyá òmíràn wà tó lè rọ́pò rẹ̀. Aláboyún àti ọmọ tó ṣì ń dàgbà kò gbọ́dọ̀ dá oúnjẹ dín kù lórí ìmọ̀ràn èyí tí mò ń kọ yìí. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn náà, kó bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà sọ̀rọ̀ ná. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀, torí bí oúnjẹ bá dín kù tí oògùn kò dín kù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ojú sí ohun tí ọwọ́ lè tó

Ẹni tó wọn kílò 95 tó ní òun fẹ́ padà sí 60 tí òun wà nígbà tí òun wà ní ọmọ ogún ọdún ti ń wá ìjákulẹ̀. Ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni kó kọ́kọ́ lé, ìyẹn bíi kílò 5 sí 9 àtààbọ̀. Ó kéré lójú, àmọ́ ara mọ̀ ọ́n lára. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002 kó àwọn ènìyàn tó lé ní 3,000 jọ, tí àtọ̀gbẹ ti fẹ́ máa yọjú lára wọn. Wọ́n ní kí àwọn kan nínú wọn dín ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún kù nínú ìwọ̀n ara wọn, kí wọ́n sì máa rìn fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Àtọ̀gbẹ dín kù láàárín àwọn wọ̀nyí ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Oògùn àtọ̀gbẹ metformin tí wọ́n fún àwọn mìíràn, ìdá 31 ló mú dín kù.

Ààbọ̀ kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ dára. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, òṣùwọ̀n lè já wálẹ̀ ní kílò méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má tíì pe ọ̀rẹ́ jọ, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì ń di bíi gíráàmù omi mẹ́ta mọ́ra. Bí oúnjẹ bá dín kù, ara á lo ṣúgà yẹn, omi náà á sì bá a lọ. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń ta tíì ìfọnù ti ń rí wa mú: ìgbẹ́ àti omi ni tíì náà ń kó jáde, kò fọwọ́ kan ọ̀rá. Kílò ọ̀rá kan gba nǹkan bíi kálórì 7,700 kó tó yọ́, kò sì sí tíì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóru mọ́jú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ohun gbogbo sílẹ̀

Ẹ má tíì yí nǹkan kan padà. Ẹ kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀, lórí ìwé tàbí lórí fóònù: ohun tí ẹ jẹ, bó ṣe pọ̀ tó, aago mélòó, àti ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́. Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò dá, òun sì ni mo kà sí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ní 1992, àwọn dókítà kan ní New York yẹ àwọn ènìyàn mẹ́wàá wò, àwọn tó ní àwọn kì í jẹ tó kálórì 1,200 lóòjọ́, síbẹ̀ tí àwọn kò jò. Wọ́n wọn agbára tí ara wọn ń lò, ara wọn kò ní àbùkù kankan. Ohun tí wọ́n jẹ ni wọ́n kà kù ní bíi ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ka ìdárayá tí wọ́n ṣe kún ní ìdá 51. Wọn kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ojú wa kò mọ oúnjẹ wọ̀n ni.

Ẹ wo òróró nìkan. Ṣíbí ńlá kan tó kún, gíráàmù 14, kálórì 120 ló wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ da òróró sínú ife gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń dà á sínú páànù láti ẹnu ìgò, kí ẹ wá fi ṣíbí wọ̀n ọ́n jáde. Bó bá tó ṣíbí mẹ́rin, kálórì 480 nìyẹn, kó tó di pé oúnjẹ gan-an wọ inú páànù, kò sì fi kún ayọ̀ yín ju ṣíbí kan ààbọ̀ lọ. Ẹ tún kọ èyí tí ẹ fi ń tọ́ ọbẹ̀ wò, èyí tí ọmọ ṣẹ́ kù tí ẹ ní kó má baà ṣòfò, àti ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan tí ẹ bù bí ẹ ṣe ń kọjá. Gíráàmù ẹ̀pà 30 tó bíi kálórì 170.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá parí, ẹ jókòó tì í. Ibi méjì tàbí mẹ́ta péré ni wàhálà máa ń wà. Fún ẹnì kan, aago mẹ́sàn-án alẹ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n ni. Fún ẹlòmíràn, ọ̀sán tí kò ráyè jẹun ló ń sọ alẹ́ di ogun. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe dojú kọ oúnjẹ tó ń ṣe yín láǹfààní.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ohun mímu ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, mílílítà 330, ní bíi gíráàmù ṣúgà 35. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó dára jù kí àgbàlagbà má ju bíi 25 lọ lóòjọ́, ìyẹn ṣíbí tíì mẹ́fà. Agolo kan ti gba ti oòjọ́ kọjá, ebi kò sì tíì lọ, torí ohun mímu kì í yó ni bí oúnjẹ tí a fi eyín jẹ. Oje èso inú páálí náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ẹ jẹ èso náà odindi. Ọtí líle àti bíà ń gbé kálórì 7 wọlé lórí gíráàmù ọtí kọ̀ọ̀kan, ọ̀rá jẹ́ 9, ṣúgà àti purotéènì jẹ́ 4. Bí ẹ kò bá lè yí ju nǹkan kan péré padà lóṣù àkọ́kọ́, ẹ fi omi rọ́pò ohun mímu aládùn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ tún àwo tò

Ẹ fi ẹ̀fọ́ kún ìdajì àwo, kí purotéènì gba ìdá kan nínú mẹ́rin, kí oúnjẹ afáralókun bí ìrẹsì, ọ̀dùnkún tàbí búrẹ́dì gba ìdá kan tó kù. Purotéènì àti ẹ̀fọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ, kí ẹ sì máa jẹun lọ́ra, torí ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ikùn tó ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé òun ti yó.

Purotéènì ṣe pàtàkì fún ìdí méjì: ó ń mú ni yó pẹ́, ó sì ń dáàbò bo iṣan nígbà tí ọ̀rá ń lọ. Gíráàmù 1.2 sí 1.6 lórí kílò ara kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ ló dára fún ẹni tó ń dín ìwọ̀n kù. Ẹyin kan ní bíi 6, ẹran àyà adìyẹ tó jinná tó jẹ́ gíráàmù 100 ní bíi 30, ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi 15. Ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó fi kún purotéènì.

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé: ṣé ọ̀rá ni kí n dín kù ni àbí oúnjẹ afáralókun? Yunifásítì Stanford yanjú ẹ̀ fún wa ní 2018. Wọ́n pín ènìyàn 609 sí méjì fún oṣù méjìlá. Àwọn tó dín ọ̀rá kù fi kílò 5.3 jò, àwọn tó dín oúnjẹ afáralókun kù fi kílò 6 jò, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan kan. Ohun tó gba àfiyèsí ni pé nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn kan jò ju kílò 20 lọ, àwọn kan sì tún sanra sí i. Nítorí náà, èyí tí ẹ lè fara dà fún ọdún márùn-ún ni tiyín. Ẹni tí kò lè gbé láìsí búrẹ́dì kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ètò tó ní kó má jẹ búrẹ́dì mọ́ láyé.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo máa ń lekoko lé lórí, òun ni oúnjẹ ilé iṣẹ́: bisikíìtì, àwọn ìpápánu inú láílọ́ọ̀nù, ẹran inú agolo, àwọn oúnjẹ tí wọ́n ti sè tán tó jẹ́ pé a kàn ń mú gbóná ni. Ní 2019, oníwàádìí kan ní Amẹ́ríkà, Kevin Hall, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ènìyàn 20 sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ ilé iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì fún wọn ní oúnjẹ gidi fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn. Ìwọ̀n ṣúgà, ọ̀rá àti kálórì tí wọ́n gbé síwájú wọn bára mu, wọ́n sì ní kí oníkálùkù jẹ bó bá ṣe wù ú. Nígbà tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ ilé iṣẹ́, wọ́n jẹ bíi kálórì 500 lé sí i lóòjọ́, wọ́n sì fi bíi kílò 0.9 sanra sí i. Nígbà tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ gidi, wọ́n jò ní iye kan náà. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n kó ara wọn níjàánu.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi nígbàgbọ́ nínú agbára ọkàn nìkan. Ẹ má gbé e sílé, ẹ ò ní jẹ ẹ́ láago mọ́kànlá òru. Bí ẹlòmíràn nínú ilé bá ń jẹ ẹ́, kó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní ilẹ̀kùn, lókè, kó má wà lórí tábìlì. Bí ọkàn yín bá sì ń fà sí nǹkan lálẹ́, ẹ bi ara yín bóyá ẹyin sísè lásán, tí kò ní nǹkan kan lára, máa wù yín jẹ. Bí kò bá wù yín, ebi kọ́ ló ń pa yín. Àárẹ̀ ni, tàbí ìbínú, tàbí pé ọwọ́ dilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìdárayá, àti oorun

Ẹni tó wọn kílò 80 tó fi wákàtí kan rìn kánmọ́kánmọ́ á jó bíi kálórì 300. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni bisikíìtì fi ń dá a padà. Nítorí náà, ẹ má fi ìdárayá nìkan wá bí ẹ ṣe máa jò. Ibi tí ó ti wúlò jù ni dídi ara mú lẹ́yìn tí a bá ti jò tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ẹni tí kò sì fẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ padà, kó máa wo 250 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ti fún yín ní 210.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ ṣe èyí tó ń mú iṣan le, torí tí a bá ń jò láìṣe é, iṣan lè kó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó lọ. Kò gba ẹ̀rọ. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ dìde láìfi ọwọ́ tì í, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì lé ògiri, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ ti ara yín padà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ gbé ìgò omi lítà kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sókè orí. Bó bá ti rọrùn jù, ẹ fi kún un.

Ní ti oorun: ní 2022, àwọn oníwàádìí kan kọ́ àwọn tó sanra tí wọn kì í sùn tó wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ bí wọ́n ṣe lè sùn pẹ́ sí i. Oorun wọn fi bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ pọ̀ sí i, wọ́n sì fi bíi kálórì 270 dín ohun tí wọ́n ń jẹ lóòjọ́ kù, láìsí pé ẹnikẹ́ni bá wọn sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: nígbà tí òṣùwọ̀n bá kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀

Ó máa ṣẹlẹ̀, sábà ní bíi oṣù mẹ́fà. Fún kílò kọ̀ọ̀kan tó lọ, ara ń dín iná tó ń jó lóòjọ́ kù ní bíi kálórì 20 sí 30, ebi ní tirẹ̀ sì ń tì wá láti jẹ bíi 100 lé sí i. Ẹ wá fi kílò mẹ́wàá ṣírò ẹ̀. Ní 2011, wọ́n tẹ̀jáde ìwádìí kan ní Ọsirélíà lórí àwọn ènìyàn 50 tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá jò. Lẹ́yìn ọdún kan gbáko, àwọn hòmóònù tó ń ké pé ebi ń pani ṣì ń ké lára wọn. Ẹni tí ebi ń pa lẹ́yìn tó jò kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe wọ̀bìà.

Kí ẹ tó dín oúnjẹ kù sí i, ẹ dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iyọ̀ àti nǹkan oṣù lè di omi tó tó kílò méjì mọ́ra. Ẹ fi téèpù wọn ikùn, torí ikùn lè máa wọlé nígbà tí òṣùwọ̀n dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tún kọ oúnjẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ṣíbí òróró ti tún di méjì. Bí ohun gbogbo bá wà létòlétò tí òṣùwọ̀n ṣì dúró, tí ẹ sì ti dín ìdá 7 tàbí 8 nínú ọgọ́rùn-ún kù, ẹ lè sinmi síbẹ̀. Ẹ di ibẹ̀ mú fún oṣù mẹ́ta kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó dúró sójú kan fún oṣù mẹ́ta ti kọ́ ohun tó ju ẹni tó fi kílò márùn-ún jò lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: dídì í mú

Ní Amẹ́ríkà, àwọn oníwàádìí méjì, Rena Wing àti James Hill, dá ìwé orúkọ kan sílẹ̀ ní 1994 fún àwọn tó ti jò ní ó kéré tán kílò 13.6, tí wọ́n sì di í mú fún ọdún kan ó kéré tán. Ọ̀nà tí wọ́n gbà jò kò jọra rárá. Ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló jọra: ọ̀pọ̀ wọn ń gun òṣùwọ̀n ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wọ́n ń ṣe ìdárayá bíi wákàtí kan lóòjọ́, wọn kì í wo tẹlifíṣọ̀n tó wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń jẹun àárọ̀. Ti oúnjẹ àárọ̀ yìí, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Ìdánwò tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ kò fi hàn pé jíjẹ ẹ́ fúnra rẹ̀ ń mú ènìyàn jò.

Ti òṣùwọ̀n ni kí ẹ mú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ìgbà tí ṣòkòtò bá fi máa fún, kílò mẹ́rin ti wọlé. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí ẹ sì fa ìlà kan sí kílò méjì lókè ibi tí ẹ wà. Bí ẹ bá kan ìlà náà lọ́sẹ̀ méjì tẹ̀ léra, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹta lọ́jọ́ náà gan-an, láìbínú sí ara yín, láìfi ebi pa ara yín. Ẹni tó bá jẹ́ pé gígun òṣùwọ̀n máa ń ba lọ́kàn jẹ́, tàbí tó ti ní àìsàn àìlèjẹun bó ṣe yẹ rí, kó lo téèpù lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó sì ní oníṣègùn tó ń bá a tẹ̀ lé e.

Ẹ ṣètò fún ọjọ́ àríyá àti ìrìn àjò kí wọ́n tó dé. Ní àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti jò. Kí òṣùwọ̀n má gòkè nìkan ti tó. Ẹ jẹ ohun tó wù yín gan-an níbẹ̀, ẹ fi èyí tó kàn wà nílẹ̀ sílẹ̀. Oúnjẹ tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ padà sẹ́nu ètò yín, kì í ṣe ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Oògùn àti iṣẹ́ abẹ ńkọ́?

Wọ́n wà, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀ fún ẹni tí dókítà bá rí i pé ó yẹ fún. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2021, àwọn tó lo abẹ́rẹ́ semaglutide fún ọ̀sẹ̀ 68 pẹ̀lú àyípadà nínú ìgbé ayé wọn fi bíi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún jò. Nígbà tí wọ́n dá a dúró, bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó lọ ló padà láàárín ọdún kan. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bi dókítà pé ìgbà wo ni òun máa lò ó dà, ta ni yóò máa san owó rẹ̀, àti kí ni òun máa ṣe bí òun bá dá a dúró. Ẹ má ra abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ kàn rí i tí ẹ ń jò, láìjẹ́ pé ẹ yí oúnjẹ tàbí ìdárayá padà, ìyẹn kì í ṣe oríire. Bó bá ti tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù mẹ́fà sí méjìlá, ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí.